Aṣọ Tí Mo Dì Sínú Ọ̀rá

Èmi kì í fi ọ̀rá di nǹkan mọ́. Bí mo bá lọ sọ́jà, tí ẹlẹ́lùbọ́ bá na ọwọ́ sí ọ̀rá dúdú, màá ní kó dúró ná, màá gbé agbọ̀n mi síwájú rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Màámi, ṣé ìjọba ló rán yín sí ọ̀rá ni?" Màá ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀, kó lọ wá nǹkan ṣe. Ó rò pé ọjọ́ ogbó ló ń yọ mí lẹ́nu. Mi ò tíì sọ ohun tó fà á fún un.

Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo ṣe, ọdún márùndínlógójì gbáko. Ọmọ Ìlá ni mí, Ìlá náà ni mo sì fẹ̀yìn tì sí. Tẹ̀ṣọ́n tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn wà ní agbègbè wa níbí, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ ìlú náà, ẹ má sì bi mí. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí kọ́ ló ṣe é. Èmi ni mo ṣe é, èmi àti àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ nígbà yẹn.

Yàrá ẹ̀rí ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ afurasí, tàbí tí olùpẹ̀jọ́ bá mú wá, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀: àdá, fóònù, àpò igbó, bátìrì ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n jí. Èmi ni mo ń so nọ́ńbà mọ́ ọn, èmi ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, èmi ni mo sì ń ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kì í kúrò ní ìdí ìró mi bí mo bá tilẹ̀ wà nílé. Mo ní ẹnu, gbogbo tẹ̀ṣọ́n ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé nǹkan wá láìkọ orúkọ sí i, á gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ kò sọ fún un rí. Ẹ̀mí mi wà nínú ìwé ńlá yẹn. Mi ò fẹ́ kí ojú ìwé kan ṣófo nínú rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá. Ọ̀kadà kan ló gbé àwọn méjèèjì láti abúlé kan lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, wọ́n rin gbingbin. Ìyá náà kéré sí mi díẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, àgbẹ̀ ni, ó sì ń ṣe gàrí. Ọmọ náà tó ọmọ ogún ọdún. Ó ti parí ìwé mẹ́wàá, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó sì ku oṣù díẹ̀ kó gba fúrídọ́ọ̀mù. Ọkùnrin kan ládùúgbò wọn, tí bàbá ọmọ náà ń pè ní àbúrò kí bàbá náà tó kú, ló ká a mọ́ ojú ọ̀nà oko láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò ní sọ ohun tó fi í ṣe. Mo kà á nínú ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí, ó sì tó mi.

Bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ yẹn tán, ìyá yìí yíjú sí mi. Èmi nìkan ni obìnrin tó wà lórí iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi wá omi gbígbóná? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wẹ ọmọ mi."

Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Lọ́dọ̀ wa, omi ni ìyá kọ́kọ́ ń wá. Ẹni tó bímọ, omi gbígbóná. Ẹni tó ṣubú lórí igi, omi gbígbóná. Ẹni tó ti ibi ìsìnkú dé, á fọwọ́ fọsẹ̀ kó tó wọlé. Ìyá tí kò bá wẹ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí ló ń ṣe?

Ṣùgbọ́n mo ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní Òṣogbo lọ́dún kan ṣáájú, ìmọ̀ sì ti wọ̀ mí lórí. Mo ní, "Rárá o! Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Bí omi bá kàn án, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn, ẹni tó ṣe é á sì máa fi yín rẹ́rìn-ín." Mo ní kí ọmọ náà bọ́ aṣọ ara rẹ̀ fún mi. Mo fún un ní ìró mi kan tó wà ní tẹ̀ṣọ́n, ó ró o.

Dókítà tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò kò sí lórí iṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀la. Báyìí ni ọmọ yìí ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, látọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, tó sùn sí ilé mi lórí ẹní, tí a sì jọ jókòó dè títí dókítà fi dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Mà, omi ọwọ́ nìkan." Mo ní kó rọ́jú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n fi ṣan ọwọ́ lásán." Mo ní, "Ọmọ mi, rọ́jú. Aṣọ yìí àti ara rẹ á sọ̀rọ̀ fún ẹ ní kóòtù." Ìyá rẹ̀ náà bá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fara dà á. Ẹ wò ó, mo rò pé oore ni mò ń ṣe.

Gáùn aláró ni aṣọ náà. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé òun ni aṣọ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà dá gé, tó sì dá rán, tí ọ̀gá rẹ̀ kò fọwọ́ kàn. Ó tutù, ó kún fún ẹrẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ká a bí ẹni ń ká aṣọ ọjọ́ ọdún. Mo wá ọ̀rá tó nípọn, mo kó o sínú rẹ̀, mo fún afẹ́fẹ́ jáde, mo tún ki ìyẹn bọ inú ọ̀rá kejì. Nígbà tí dókítà ṣe tiẹ̀ tán, tó fún mi ní àwọn ohun tó fi òwú nù lára rẹ̀, inú ọ̀rá kan náà ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Mo fi ọ̀já aṣọ pupa kan so ó ní ìsokókó méjì. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Ohun tó bá níye lórí, inú ọ̀rá la ń dì í sí, kí òjò má pa á, kí èèrà má wọ̀ ọ́: ìwé ilẹ̀, sátífíkéètì, Bíbélì àgbà. Inú ọ̀rá ni ìyá mi fi káàdì ìrìbọmi mi sí títí tó fi kú. Bí mo ṣe so ó tán, mo tún fọwọ́ gbá a, ọkàn mi balẹ̀.

Ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí kọ lẹ́tà sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò ní Èkó, ọ̀gá wa fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ọkọ̀ á gbé e lọ lọ́la. Àárọ̀ ọ̀la yẹn ni mo fẹ́ lọ lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kú ní Òkè-Ìlá. Ọkọ̀ ò tíì dé, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ojú ìwé kan sílẹ̀ lófìfo kí n máa lọ. Ni mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: "Ó ti lọ sí Èkó." Mo fọwọ́ sí i. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó máa dípò mi, mo lọ sin ẹ̀gbọ́n mi.

Ọkọ̀ kò dé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kò sí epo. Kò sì dé lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó dípò mi rí ọ̀rá náà nílẹ̀, ó tì í sẹ́yìn kó lè ráyè gbé jẹnẹrétọ̀ kan wọlé, ó sì kó bátìrì lé e. Nígbà tí mo dé, ìwé mi ní ó ti lọ. Èmi náà ní ó ti lọ. Ẹni tó mọ̀ pé nǹkan ti lọ kì í wá a.

Láti ìgbà yẹn, kò sí ọjọ́ ọjà kan tí ìyá yìí kì í yà sọ́dọ̀ mi. Á sọ ẹrù gàrí rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á kúnlẹ̀ kí mi, á yọ nǹkan kan lára ẹrù rẹ̀. Ní àsìkò àgbàdo, àgbàdo sísè. Ní àsìkò iṣu, iṣu méjì. Mo bá a jà títí pé kó yé mú nǹkan wá. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ ẹ́ jàre, oko ni mo ti yọ ọ́." Lẹ́yìn náà ló máa ń béèrè, pẹ̀lú ohùn Ìgbómìnà tiwa, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ènìyàn lẹ́nu: "Ṣé nǹkan wa ti Èkó dé?"

Màá ní, "Ó ṣì wà lọ́hùn-ún. Àwọn ará Èkó, ẹ ò mọ̀ wọ́n ni? Ṣùgbọ́n ó máa dé."

Mo sì máa ń jẹ àgbàdo náà. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń bú àwọn ará Èkó.

Àárín àkókò yẹn, àwọn àgbà ilé wọn ti pe ìyá yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kó fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti dọ̀bálẹ̀, ó ti gbà pé èṣù ló ti òun, pé a kì í ti kóòtù dé ká tún ṣọ̀rẹ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ò jókòó tì í mọ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń din gàrí lọ wá àwo ìdingàrí tirẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi láìsunkún. Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé aṣọ ọmọ mi ti wà ní Èkó. Mo ní ẹ̀yin lẹ sọ pé aṣọ náà á sọ̀rọ̀. Bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, kálukú á mọ ẹni tó ń parọ́." Ọmọ náà ńkọ́, mo máa ń béèrè. Á mi orí. Kò lọ sí ibi iṣẹ́ aṣọ mọ́. Ó ń wẹ̀ ṣáá ni. Ọṣẹ kì í pẹ́ nílé wọn.

Ọlọ́pàá ti mú ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó sẹ́ níwájú adájọ́, wọ́n sì gba béèlì rẹ̀. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú, ó tún un sún. Nígbàkigbà tá a bá pé jọ, ohun kan náà ló ń bi wá: èsì àyẹ̀wò dà? Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ní òun ò ní sún un mọ́. Bí èsì kò bá dé títí Àjíǹde fi máa kọjá, òun á da ẹjọ́ náà nù.

Àsìkò ọyẹ́ ọdún yẹn ni àṣẹ kan sọ̀ kalẹ̀ látòkè. Wọ́n ní kí gbogbo tẹ̀ṣọ́n kọ ìwé ránṣẹ́ lórí ẹ̀rí ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn: mélòó ni, níbo ló wà, láti ìgbà wo, ṣé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò àbí wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá wa ka ìwé náà fún wa nípàdé, ó jù ú sórí tábìlì. Ènìyàn burúkú kọ́. Ó ní, "Ta ló máa gbọ́ bùkátà èyí? Ìwé, ọkọ̀ Òṣogbo, ọlọ́pàá méjì tó yẹ kó wà lójú títì, a ó kó wọn sínú yàrá kí wọ́n máa ka aṣọ?" Gbogbo wa fọwọ́ sí i. Ẹ̀bi mi ò kéré níbẹ̀, nítorí èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù. Mo ní àwọn tó jókòó sínú ẹ̀rọ amúlétutù ní òkè yẹn ò níṣẹ́ ṣe. Mo ní ìwé ńlá mi pé pérépéré, ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan kó wá ṣí i. Mo ní yàrá tèmi kò ní àṣírí. Ẹnu mi yìí!

Ṣùgbọ́n àṣẹ ni àṣẹ. A kó gbogbo nǹkan jáde sí ìta, sínú ọyẹ́. Jẹnẹrétọ̀ jáde, bátìrì jáde. Mo tẹ̀ba láti gbá ẹ̀yìn ibẹ̀, ni mo rí ọ̀já aṣọ pupa.

Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni ka nọ́ńbà ara rẹ̀ fún mi. Ènìyàn mọ ìsokókó ọwọ́ ara rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku. Mo ní, "Yéè! Mo gbé! Orí mi ò!" Àwọn tó wà níta sáré wọlé, wọ́n rò pé ejò ló bù mí jẹ.

Mo tú u. Òórùn tó jáde lé wọn sẹ́yìn. Gbogbo inú rẹ̀ ti bu, funfun àti dúdú. Omi òjò ọjọ́ yẹn ni mo dì mọ́ ọn, omi náà kò rí ọ̀nà jáde. Òwú dókítà ti di ẹrẹ̀. Mo mú etí aṣọ náà, ó já sí mi lọ́wọ́ bí ewé ẹ̀kọ tó ti kẹ̀. Òwú ìránṣọ rẹ̀ nìkan ló kù tí kò jẹrà, ìlà rẹ̀ gún gbọọrọ láti apá dé ìdí. Ọmọ náà mọ aṣọ rán.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo wá ìwé tí mo kọ nǹkan sí ní Òṣogbo. Ó wà níbẹ̀, ọwọ́ èmi fúnra mi ló kọ ọ́, mo tún fa ìlà sí i nídìí: kí a sá aṣọ tó bá tutù kó gbẹ, inú àpò bébà ni kí a dì í sí, kì í ṣe ọ̀rá. Orí mi kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ mi ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ ọ. Inú ọ̀rá ni mo fi ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà gan-an pamọ́ sí.

Ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ ọ́ pé ó wà lójú ọ̀nà Èkó. Ó ku oṣù mẹ́rin kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì. Kí lẹ fẹ́ fi wàhálà ṣe?"

Mo ní, "Ọ̀gá, inú yàrá mi ló wà. Ìsokókó mi ló wà lára rẹ̀."

Mo kọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sí ìgboyà kankan níbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ẹnu mi kò lè sọ "Èkó" mọ́. Wọ́n fún mi ní kúérì kan, mo dáhùn, ó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ mi. Ká ní ẹnìkan tilẹ̀ gbá mi létí, ì bá sàn. Kóòtù da ẹjọ́ náà nù lẹ́yìn Àjíǹde lóòótọ́. Mo gbọ́ pé ọ̀kadà mẹ́fà ló sin ọkùnrin náà wọ abúlé, tí wọ́n ń fun fèrè. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ìyá yẹn gbọ́ ọ ní kóòtù. Mi ò sì lè dúró de ọjọ́ ọjà kó tún wá kúnlẹ̀ fún mi. Ọjọ́ kejì tí mo rí ọ̀rá náà, mo bọ́ aṣọ ìjọba, mo ró ìró, mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé wọn. Mo bá a níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó dìde, ó nu ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ó ti Èkó dé nìyẹn!"

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, òjò, ọ̀rá, ìwé tí mo kọ kí ọkọ̀ tó dé. Ó padà jókòó, ó mú ọ̀bẹ, ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Ó bó mẹ́ta, ó bó mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ̀yin lẹ ní á sọ̀rọ̀."

Mo kúnlẹ̀. Ó fo dìde, ó di apá mi mú. "Ẹ dìde, ẹ dìde! Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí wa." Nígbà yẹn ni omijé tó jáde lójú rẹ̀. Ọdún méjì tí mo fi mọ̀ ọ́n, mi ò rí i rí.

Ọmọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ìgbà tó jáde. Ó ti rù. Garawa omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì wà léjìká rẹ̀, ọ̀sán gangan. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ kí ọmọ kí àgbà, ó sì dìde.

Ó ní, "Mà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

Mo ní kó bi mí.

"Ká ní ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ó máa yàtọ̀ sí bó ṣe rí yìí?"

Mo wá irọ́ kan, mi ò rí i. Mo ní, "Kò ní yàtọ̀."

Ó mi orí. Kò bínú, tàbí kó jẹ́ pé ó ti bínú tán kí n tó dé. Ó ní, "Omi ọwọ́ lásán ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi." Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí balùwẹ̀, ó fa páànù tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ dé.

Èmi àti ìyá rẹ̀ jókòó. À ń gbọ́ bó ṣe ń da omi sára, à ń gbọ́ bó ṣe ń fi kànrìnkàn ha ara rẹ̀, à ń gbọ́ omi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní ó tó kí n máa lọ. Ìyá rẹ̀ ní kí n dúró díẹ̀, kí n bá òun gbé ìkòkò omi tó wà lẹ́yìn ilé kaná, nítorí èyí tí ọmọ náà gbé wọlé kò ní tó o.